The Dark Side of the Moon: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Odidi Àwo Orin Láì Gé E Sí Wẹ́wẹ́

Ní oṣù March ọdún 1973 ni Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́rin láti ìlú London, gbé àwo orin kan jáde tí ọjà rẹ̀ kò tí ì kú títí di òní. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni The Dark Side of the Moon fi wà ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ìyẹn àtẹ àwọn àwo tó tà jù ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka gbogbo ọ̀sẹ̀ tó lò lórí àtẹ náà láàárín ọdún 1973 sí ọdún 1988, ó jẹ́ 741. Iye ẹ̀dà tí wọ́n ti tà káàkiri ayé ti ju mílíọ̀nù 40 lọ. Nígbà tí àwo náà pé àádọ́ta ọdún ní 2023, wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì tún un gbé jáde ní oríṣiríṣi ọ̀nà, èyí tó mú kí àwọn tí wọn kò tí ì dáyé nígbà tó kọ́kọ́ jáde máa béèrè ohun tí àwọn àgbà rí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn tọ̀nà, mo sì gbà pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà gbọ́ àwo náà ni yóò sọ bóyá yóò rí ìdáhùn. Ẹni tó bá pàdé orin kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lórí fóònù, láàárín orin àwọn olórin mìíràn, yóò gbọ́ orin tó dára, kò sì ní gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára àwo yìí wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó. Orin mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n wọ́n so wọ́n kọ́ra débi pé ohun tí orin kan dá sílẹ̀ ni èyí tó tẹ̀ lé e ń gbé, ohun tí a sì kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọrin ni a óò tún gbọ́ nígbà tí gbogbo ohùn bá ti dákẹ́. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ ní odidi ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ìbáà jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, ìbáà sì jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ń bù ú gbọ́.

Ohun tó yẹ ní mímọ̀ ṣáájú

Irú àwo tí gbogbo orin inú rẹ̀ dá lé kókó kan ṣoṣo pọ̀ láàárín àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní àkókò náà. Púpọ̀ nínú wọn pa ìtàn àròsọ tó gùn, ọjọ́ sì ti lọ lórí ìtàn wọn. Pink Floyd kò pa ìtàn rárá. Ní òpin ọdún 1971, nígbà tí wọ́n jókòó ìpàdé ní ilé Nick Mason tó jẹ́ onílù wọn, ní Camden ní London, Roger Waters tó ń ta gìtá béèsì dá a lábàá pé kí àwọn kọrin nípa àwọn nǹkan tó ń ni ọmọ ènìyàn lára títí orí rẹ̀ fi lè dàrú: àkókò tó ń sá lọ, owó, ìrìn àjò àìsinmi, ikú, ogun, ìkórìíra láàárín ẹni méjì, àti ìṣíwèrè fúnra rẹ̀. Waters ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, kò sì tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí àwo jáde. Mo rò pé ibí ni gbòǹgbò ìfẹ́ tí kò ṣá náà wà, nítorí kò sí àgbàlagbà kan, ní ìlú èyíkéyìí, tí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò tí ì kàn.

Ọ̀rọ̀ ìṣíwèrè kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Syd Barrett, ẹni tó darí ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn ìgbà náà, kúrò láàárín wọn ní 1968 nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò fararọ mọ́, tí kò sì lè bá wọn ṣeré lórí ìtàgé bó ṣe yẹ. David Gilmour, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, ni wọ́n mú wá láti máa ta gìtá. Ẹ fi Barrett sọ́kàn títí ẹ ó fi dé orin kẹsàn-án.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé orí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rán iṣẹ́ yìí pọ̀. Ní January 1972, ọdún kan ó lé oṣù díẹ̀ ṣáájú kí àwo tó jáde, wọ́n gbé e síta ní Brighton, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orin Money, wọn kò sì lè bá a lọ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ní Portsmouth, wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní nígbà náà tán. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kọ ọ́ níwájú èrò láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń yà sí sítúdíò EMI ní Abbey Road láàárín ìrìn àjò láti gbà á sílẹ̀. Nítorí náà ni ibi tí orin kan ti parí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ kò fi dún bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí.

Ẹ̀dà wo ni kí ẹ mú?

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú ẹ̀dà onísípíkà méjì lásán, ìyẹn sítẹ́rìò tí wọ́n ṣe ní 1973, ìbáà jẹ́ lórí àwo elpíì, lórí síídì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Alan Parsons ni ẹni tó mójú tó gbígba ohùn náà sílẹ̀ ní Abbey Road, wọ́n sì pe Chris Thomas wá nígbà tí wọ́n fẹ́ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó lè fi etí tuntun gbọ́ ọ. Ohun tí James Guthrie ṣe fún ẹ̀dà àádọ́ta ọdún ni pé ó tún ìpòpọ̀ àtijọ́ yẹn fọ̀ mọ́. Kò yí i padà sí nǹkan mìíràn. Àpótí ńlá tó jáde ní March 2023 ní àwo, síídì, ìwé àwòrán àti àwo eré tí wọ́n ṣe ní Wembley nínú. Ní October ọdún kan náà ni wọ́n wá ta síídì àti elpíì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní tèmi, ẹni tí kò tí ì gbọ́ odidi àwo náà rí kò ní ohun kan tí yóò fi àpótí ńlá ṣe. Kí ó ra elpíì tàbí síídì kan ṣoṣo, tàbí kí ó gbọ́ ọ lórí áàpù tó bá ti ń san owó fún, kí ó sì tọ́jú owó tó kù.

Ẹ̀dà Dolby Atmos, tí ohùn fi ń ti òkè àti ẹ̀yìn wá, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn kan ń fojú ohun ìgbàlódé lásán wò ó, ṣùgbọ́n ó bá èrò ẹgbẹ́ náà mu. Pink Floyd ti ń yí ohùn ká gbọ̀ngàn eré wọn ṣáájú kí wọ́n tó gba àwo yìí sílẹ̀, Parsons sì ṣe ẹ̀dà onísípíkà mẹ́rin rẹ̀ ní 1973 kan náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè gbé Atmos kí ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ó fi ṣe ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tó ti mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà, kí ìyàlẹ́nu ohùn tó ń fò kiri má baà gbà á lọ́kàn ju orin lọ.

Ní April 2024 wọ́n tún mú ẹ̀dà kan wá tí àwo rẹ̀ mọ́ bíi dígí. Méjì ni, ojú kan ṣoṣo lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní orin, nítorí wọ́n tẹ àwòrán sí ojú kejì. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ojú ni ẹ̀ ń san owó rẹ̀ fún. Ẹ má sì ṣe ṣi iṣẹ́ tí Waters dá ṣe mú, èyí tó pè ní Redux, tó jáde ní October 2023. Níbẹ̀ ni ó ti tún gbogbo àwo náà kọ láìsí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, pẹ̀lú ohùn arúgbó àti ọ̀rọ̀ ẹnu púpọ̀. Ó yẹ ní gbígbọ́, àmọ́ ìdáhùn sí àwo ti 1973 ni, kò sì sí bí a ṣe lè lóye ìdáhùn kí a tó gbọ́ ìbéèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ ra elpíì àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó, ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tó ha. Ẹ wo etí ìta ojú kìíní àti ibi tó sún mọ́ àárín ojú kejì dáadáa, torí ibẹ̀ ni ohùn ti lọ sílẹ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìró ta-ta-ta ibi tó ha yóò ti bà yín nínú jẹ́ jù. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní àwòrán ńlá méjì tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri àti àwòrán kéékèèké tó ní lẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Bí wọn kò bá sí nínú rẹ̀ mọ́, ẹ dúnàádúrà.

Ìmúrasílẹ̀

Nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 ni gbogbo àwo náà. Ẹ wá ìṣẹ́jú 43 tí kò sí ẹni tí yóò pè yín, kí ẹ má sì gbọ́ ọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́bàá fèrèsé, nítorí ohun tó ṣí àwo yìí àti ohun tó pa á dé kò lè borí ariwo bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ áàpù lórí fóònù ni ẹ ó lò, ẹ pa ètò tó máa ń da orin rú, kí orin má baà fò síwá sẹ́yìn. Ẹ pa ètò tó máa ń fi òpin orin kan bo ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, nítorí àwọn olórin náà ti ṣe ìsopọ̀ tiwọn, èyí tí áàpù bá fi kún un yóò bà á jẹ́ ni. Ẹ pa èyí tó máa ń mú orin olórin mìíràn wá fúnra rẹ̀ nígbà tí àwo bá parí. Áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ki ìpolówó ọjà bọ àárín orin kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Síídì àlòkù tí kò wọ́n sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ohùn náà ní ìlànà tirẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ojú kìíní rọlẹ̀ púpọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sì gbé ohùn sókè láti lè gbọ́ ọ, kí agogo orin kẹrin tó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i létí. Ẹ kọ́kọ́ fi orin kejì, Breathe, díwọ̀n bí ohùn ṣe yẹ kó ga tó, kí ẹ wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Sípíkà méjì tí ẹ jókòó sí àárín wọn ni ó dára jù. Bí ó bá jẹ́ íápíìsì ni, ẹ rí i pé ti ọ̀tún wà ní etí ọ̀tún, ti òsì ní etí òsì, torí ọ̀pọ̀ nǹkan ni yóò máa rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ kí ìwé ọ̀rọ̀ orin wà ní pípadé ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ojú kìíní

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ọkàn tó ń lù. Ìlù ńlá Nick Mason ni, òun náà ló sì to orin àkọ́kọ́ yìí, Speak to Me. Kò gùn. Agogo, ẹ̀rọ ìgbowó ilé ìtajà, ẹ̀rín ènìyàn kan, ọ̀rọ̀ ẹnì kan nípa wèrè, igbe obìnrin: gbogbo ohun tí ẹ ó pàdé lójú ọ̀nà ni wọ́n ti fi hàn yín níbẹ̀ kíákíá. Ẹ má wá ìtumọ̀ wọn. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n kọjá, títí igbe náà yóò fi bú sí orin Breathe, tí ohun gbogbo yóò sì fẹ̀ lójijì. Gilmour ló ń kọ ọ́, ó ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ayé sọ̀rọ̀, ó ń gbà á níyànjú. Ṣùgbọ́n kí orin tó parí, ìyànjú náà ti di ìkìlọ̀ fún ẹni tí yóò máa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sáré láì jókòó.

Eré sísá náà ni On the Run. Kò ní ọ̀rọ̀ orin. Ẹ̀rọ synthesizer (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn sílẹ̀) kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Synthi AKS ni wọ́n tẹ ohùn mẹ́jọ sí, wọ́n wá mú un yára títí ó fi di ohun tó ń yí bírí láì dúró. Ẹ ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré, èémí rẹ̀, ohùn obìnrin tó ń kéde ọkọ̀ òfurufú, àti ìbúgbàù ní ìparí. Richard Wright, tó ń tẹ dùrù, sọ pé ìbẹ̀rù ìrìn àjò ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ní yín lára, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fò ó.

Lẹ́yìn ìbúgbàù náà, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, agogo. Mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí orin Time, nítorí lójú tèmi, ibẹ̀ ni àwo náà ti fi ohun tó jẹ́ hàn jù lọ. Parsons ló gba ìró àwọn agogo náà sílẹ̀ ní ilé ìtajà agogo àtijọ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nígbà tó fẹ́ dán ẹ̀rọ onísípíkà mẹ́rin wò, kì í sì í ṣe tìtorí orin yìí rárá ni. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó kù ni gìtá tó ń dún bí ìró agogo tó ń rìn, àti àwọn ìlù kéékèèké Mason tó ń dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ó lé ní ìṣẹ́jú méjì kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ẹni tó ń kánjú ni ibẹ̀ máa ń lé lọ. Ẹ dúró, kí ẹ sì kíyè sí bí ara yín ṣe ń fẹ́ kí orin bẹ̀rẹ̀, torí nígbà tí Gilmour bá wá kọrin, ẹni tó ń fi ọjọ́ ṣòfò, tó ń retí kí ẹlòmíràn wá júwe ọ̀nà fún un, ló ń bá wí. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí ẹni náà, kò sì mọ̀. Waters sọ lẹ́yìn náà pé ní ọmọ ọdún bíi 29 ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ayé tí òun rò pé òun ṣì ń múra sílẹ̀ fún ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ẹ gbọ́ bí ohùn Gilmour ṣe le, tí ohùn Wright tó gbà á lẹ́nu rẹ̀ sì rọ̀, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń gbè lẹ́yìn. Ìta gìtá àárín rẹ̀ kò yára, ohùn kọ̀ọ̀kan ló ń fà títí ó fi dun ni. Ní ìparí, ohùn orin Breathe padà wá, ó sì gbé ẹni tó ti rẹ̀ padà sílé.

Wright ló kọ ohùn dùrù The Great Gig in the Sky. Ikú ni kókó rẹ̀. Wọ́n pe Clare Torry, obìnrin akọrin kan, wá sí Abbey Road ní ọjọ́ Sunday kan ní January 1973, wọ́n sì sọ fún un pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan fún un láti kọ. Ó fi ohùn lásán kọ ọ́ bíi pé ohùn òun jẹ́ ohun èlò orin, ó gba 30 pọ́n-ùn, ó sì lọ pẹ̀lú èrò pé wọn kò ní lò ó. Ní 2004 ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ní 2005 wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wright láti ìgbà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jùmọ̀ dá orin náà. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, nítorí bí ẹ bá yọ ohùn rẹ̀ kúrò, dùrù tó dára ló kù. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe kọ́kọ́ kígbe bí ẹni tó kọ̀ láti lọ, bí ó ṣe rẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àti bí ó ṣe di ìmí ẹ̀dùn nígbà tí ojú kìíní bá ń lọ sópin.

Ẹni tó bá ti dàgbà nínú ilé tí àwo elpíì Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé ti ń dún mọ irú ètò yìí dáadáa: orin á wọ inú orin láì dánu dúró títí ojú kan yóò fi parí, tí ẹnì kan yóò sì dìde lọ yí àwo padà. Ẹ lo àlàfo náà bó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ síídì tàbí fóònù ni, ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ kí Money má baà já lu ìmí Clare Torry.

Ojú kejì

Money ni orin tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù, síbẹ̀ ìṣirò rẹ̀ ṣàjèjì. Waters sọ owó ẹyọ sínú abọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń po amọ̀, wọ́n ya bébà, wọ́n tẹ ẹ̀rọ ìgbowó, wọ́n fi rúlà wọn téépù, wọ́n gé e sí ìwọ̀n méje, wọ́n sì so ó pọ̀ kó lè máa yí po. Ẹ ka á pẹ̀lú rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì púpọ̀ ń rìn lórí mẹ́rin, nítorí náà ni ẹsẹ̀ yín yóò fi fẹ́ ṣìnà. Lẹ́yìn tí Dick Parry bá ti fọn sásófóònù rẹ̀ tán, tí gìtá Gilmour sì gbà á, orin bọ́ sórí mẹ́rin. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ orin bá padà, èje náà padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ka á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tún ní gbọ́ orin yìí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ni ó sin Money lọ. Waters kọ ìbéèrè sórí káàdì, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ní Abbey Road dáhùn: ìgbà wo lo lu ènìyàn kẹ́yìn, ṣé ìwọ lo jàre, ǹjẹ́ o bẹ̀rù ikú? Àwọn òṣìṣẹ́ wọn dáhùn, Gerry O'Driscoll tó jẹ́ olùṣọ́nà ilé náà dáhùn, Paul McCartney àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà náà dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kò lo ti McCartney nítorí ó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. (Ọdún yẹn kan náà ni McCartney gba Èkó lọ láti gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Apapa.) Ohùn àwọn tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n wúlò fún àwo yìí ju ohùn olókìkí lọ, ìpinnu náà sì tọ́.

Us and Them ló gùn jù. Wright ti kọ ohùn dùrù rẹ̀ ṣáájú fún fíìmù kan tí Michelangelo Antonioni ń ṣe, àmọ́ onífíìmù náà kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dún padà bí ohùn nínú ilé òfìfo, ẹ sì rí àyè gbọ́ ọ̀gágun tó jókòó sẹ́yìn nígbà tí àwọn ọmọ ogun iwájú ń kú, àti arúgbó tó kú nítorí owó táṣẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀, á sì ru sókè lójijì. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Any Colour You Like tó tẹ̀ lé e jẹ́ àkókò láti mí.

Brain Damage ni orin kẹsàn-án tí mo ní kí ẹ retí. Waters fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì dùn tó ti Gilmour, àmọ́ èmi kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ ọ́. Nígbà tó ń sọ nípa ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ọ̀tọ̀, tó sì ń ṣèlérí pé àwọn yóò pàdé, ẹni tó mọ ìtàn Barrett mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Láì dúró, orin náà wọ inú Eclipse, tí kò sí nínú iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórí ìtàgé ni Waters rí i pé kò ní ìparí, ó sì lọ kọ ọ́. Kò ju kí ó máa ka gbogbo ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn, tó ń rí, tó ń fẹ́, tó ń rà, tó ń bá jà lọ. Olùṣọ́nà nì ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ó ní òṣùpá kò ní apá kan tó ṣókùnkùn, gbogbo rẹ̀ ló ṣókùnkùn. Ohùn rẹ̀ kéré, ẹ tẹ́tí. Ọkàn náà ṣì ń lù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Nígbà tí ẹ bá padà sí i

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá. Ní ìgbà kejì, ẹ ṣí ìwé ọ̀rọ̀ orin, kí ẹ sì mú ìbòrí àwo dání, nítorí òun náà jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ Hipgnosis ló ṣe é, George Hardie ló sì ya dígí onígun mẹ́ta tí ìmọ́lẹ̀ funfun ń wọ̀, tó ń jáde ní àwọ̀ òṣùmàrè mẹ́fà. Wright ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe nǹkan tó mọ́, tí kò ní wúruwùru. Bí ẹ bá ṣí ìbòrí elpíì, ẹ tọ ilà àwọ̀ ewé nínú rẹ̀ lọ: ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀ bí ilà tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn máa ń yà nígbà tí ọkàn bá ń lù.

Ní ìgbà kẹta, ẹ tẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó jẹ́ Wright, tó kú ní 2008, nítorí gìtá Gilmour àti ọ̀rọ̀ Waters ni gbogbo ènìyàn máa ń gbé gẹ̀gẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni dùrù Wright ló ń fún àwọn méjèèjì ní ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe lábẹ́ Breathe, ẹ gbọ́ ọ lábẹ́ Us and Them, kí ẹ sì wo bí àwo náà ì bá ti gbẹ tó láìsí i.

Àwo Wembley ni kí ẹ fi sí ìkẹyìn. November 1974 ni wọ́n ṣe eré náà, ní London, nígbà tí wọ́n ti fi ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ àwọn orin wọ̀nyí níwájú èrò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára tó ti sítúdíò. Kò sí Clare Torry níbẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì hàn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ tààrà sí Any Colour You Like, tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí àwo 1973. Ní Wembley ó lé ní mẹ́jọ, Gilmour àti Wright ń dá ara wọn lóhùn láì kánjú, ẹ ó sì gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é.